Wọ́n Ní Kí Ọmọ Mi Gbélé Lọ́jọ́ Àbẹ̀wò

Bí mo bá pe ilé láti ìlú òyìnbó, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni òtútù. Ṣé ó ṣì ń tutù? Ó ń tutù. Ṣé lóòótọ́ ni pé èéfín máa ń jáde lẹ́nu èèyàn? Ó ń jáde. Tí a bá ti sọ ti òtútù tán, wọ́n á ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ mi, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ló ń bí mi nínú. Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún wọn pé òtútù kọ́, iléèwé ni. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣàgámù ló ń bí mi nínú, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọ Ṣàgámù ni mí. Obì ni ìyá mi ń tà, obì ni ìyá tiẹ̀ náà tà, òórùn ewé tútù tí wọ́n fi ń di obì ni mo sì fi mọ ilé wa láti kékeré. Nígbà tí mo fẹ́ rìnrìn-àjò, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Ràfíátù, tí a ń pè ní Ràfíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pírámárì wáànù ni. Èmi àti bàbá rẹ̀ ti pínyà kí n tó lọ. Awakọ̀ ni, Ìpàrá ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó tuntun. Nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi ọmọ sí, mo sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní iléèwé ìjọba tó wà ládùúgbò wa.

Ọ̀rẹ́ mi kan pàtẹ́wọ́ lé mi lórí. "Ìwọ tó ò ń lọ sókè òkun," ó ní, "ọmọ ẹ á wá máa lọ síléèwé ìjọba? Ṣé kò ní í máa sọ fáwọn ọmọ yòókù pé ìyá òun wà ní London ni?" Mi ò tilẹ̀ lọ sí London.

Ṣùgbọ́n mo ní ìdí tèmi. Iléèwé yẹn náà ló kọ́ mi. Abẹ́ páànù rẹ̀ tó ń han létí bí òjò bá ń rọ̀ ni mo ti mọ̀wé kà. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ nígbà náà tó máa ń fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ fún wa lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí kì í sì í gbé ìka náà kúrò títí tí a óò fi pè é. Ìyá mi kò kàwé, bàbá mi náà kò kà á, ṣùgbọ́n mo jáde níbẹ̀ tí mò ń ka bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà. Kí wá ni màá máa gbé ọmọ mi lọ sí iléèwé aládàáni tó wà lọ́nà Interchange fún, níbi tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí ni bọ́ọ̀sì wọn?

Mo tún lọ wo iléèwé náà fúnra mi kí n tó lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì láàárọ̀. Àwọn ọmọ tò gbọọrọ, wọ́n kọrin, ohùn wọn ròkè. Ọ̀gá-àgbà, obìnrin kan tó máa ń wé gèlè tó le gan-an, ní kí kíláàsì kan kàwé fún mi. Gbogbo wọn kà á lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ṣì í, wọn ò sì dúró mí. Orí mi wú. Bí a ṣe ń mọ iléèwé tó dáa lọ́dọ̀ wa nìyẹn: kí yunifọ́ọ̀mù mọ́, kí ìlà tọ́, kí ohùn ròkè. Bí wọ́n bá pariwo dáadáa, wọ́n ń kọ́ wọn dáadáa nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe lókè òkun, ẹ máa rẹ́rìn-ín, inú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba náà ni, nílùú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìdáná wọn ni mo wà. Èmi ni mò ń bẹ ọ̀dùnkún, èmi ni mò ń bu oúnjẹ fáwọn ọmọ, èmi náà ni mò ń fọ àwo. Ní Ṣàgámù, mo ní tábìlì tèmi lọ́fíìsì. Níbí, tábìlì tí mo ní ni èyí tí mò ń nù.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gba ẹnu ọ̀nà kíláàsì kan kọjá, mo rò pé olùkọ́ kò sí níbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan wà lábẹ́ tábìlì, ó gbá ìwé mọ́ra. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé olùkọ́ wà láàárín wọn, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti bọ́ bàtà. Ọmọ tí kò ju Ràfíà lọ sì ń pe orúkọ rẹ̀ gẹlẹtẹ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ náà. "Màámi, iléèwé wọn níbí ò dáa rárá o. Ọmọdé ń pe olùkọ́ lórúkọ!"

"Áà!" Ìyá mi pariwo. "Òyìnbó náà nìyẹn? Má jẹ́ kí Ràfíà gbọ́ o, kó má lọ kọ́ irú ẹ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan kan. Bí mo bá ń nu tábìlì nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ, olùkọ́ kan máa ń mú ọmọ kan wá jókòó sí igun, ọmọ náà á sì máa kàwé fún un. Ọmọbìnrin kan wà tí irun rẹ̀ pọ́n bí epo. Ìwé kíkà nira fún un gan-an. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Mo ń wo olùkọ́. Olùkọ́ kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà la ẹnu, ó pa á dé. Èmi gan-an fẹ́ pariwo ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí mo wà, ara mi ò gbà á mọ́. Olùkọ́ ṣì ń dúró. Nígbà tó yá, ọmọ náà pè é, ó ṣì í, ó tún un pè, ó gbà á. Olùkọ́ mi orí, wọ́n bọ́ sí ọ̀rọ̀ tó kàn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó bá a kà á.

Mo bi Mọ́rìn, ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ ọ̀gá wa nílé ìdáná, pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn. "Wọ́n ń gbọ́ ìwé kíkà rẹ̀ ni," ó ní. Ó wò mí díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé iléèwé wà níbi tí o ti wá?"

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Iléèwé wà níbẹ̀," mo ní. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi débi tí mo fi mọ̀ pé ẹ ti ṣi 'kárọ́ọ̀tì' kọ sára pátákó yẹn láti àná." Ó yíjú wo pátákó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó lọ tún un kọ. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ń dùn mí lọ́kàn nígbà tí mo délé, nítorí pé ìgbéraga ni mo fi dá a lóhùn, mo sì gbà pé mo ní ẹ̀tọ́ sí ìgbéraga náà.

Èèyàn tó bá ń dá gbé níbí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó wà ní yàrá kejì sí tèmi, ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ nìkan la ti máa ń pàdé. A ó rẹ́rìn-ín síra wa, kálukú á sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni mò ń retí, torí ọjọ́ yẹn ni mò ń rí ọmọ mi lórí fóònù. Kí n tó pè é, màá ti wẹ̀, màá ti wọ aṣọ gidi, màá ti lé tìróò bí ẹni tó ń lọ síbi ìnáwó, nígbà tó sì jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí.

Ràfíà ti wà ní pírámárì tírì nígbà náà. Ní Sátidé kan, ìyá mi ní, "Dúró ná, ọmọ ẹ fẹ́ kàwé fún ẹ." Wọ́n gbé fóònù ti agbọ̀n obì. Ràfíà dúró ṣánṣán, ó gbé ìwé sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìtàn bàbá àgbẹ̀ kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù ni. Ó ń kà á geerege, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Ìyá mi ń pariwo lẹ́yìn pé "Máṣá Allah! Máṣá Allah!" Omijé ti lé ròrò sójú mi. Àfi bí mo ṣe wo àwòrán tó wà lẹ́yìn ìwé tó kọjú sí mi. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà wà lókè. Ọmọ mi dorí ìwé kodò, ó sì ń kà á lọ láìkọsẹ̀.

"Ràfíà," mo ní, "ṣí ojú ewé mìíràn, kó o kà á fún mi."

Ó pa ìwé náà dé. "Mọ́mì, Àǹtí ò tíì ní ká ka ìyẹn."

Mo wá bébà, mo kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sí i, mo gbé e sójú fóònù. OBÌ ni mo kọ. Lẹ́tà mẹ́ta. Ohun tó ń fò kọjá lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó wo ìyá àgbà rẹ̀, ó tún wo bébà. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Mọ́mì, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lè máa sọ ọ́ tẹ̀ lé yín."

Mi ò mọ bí mo ṣe parí ìpè náà. Ohun tí mo rántí ni pé ìyá mi fi ẹ̀ka-èdè Ṣàgámù bi mí pé, "Lé ṣe tí ìwẹ fajú ro báyìí? Ṣé ìwẹ ò rí i pé ọmọ kà á já ni?" Ara mi ń gbóná nínú yàrá tó tutù yẹn. Pírámárì tírì! Ọdún mélòó ni ọmọ yìí ti ń jí láàárọ̀, tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù, tó ń sáré kí ó má pẹ́? Wọ́n ti kọ́ ọ ní orin. Wọ́n fi ìwé sí i lọ́wọ́, wọ́n kọ́ ọ lórin, wọ́n sì ní kó lọ kọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

Mo pe olùkọ́ rẹ̀, Àǹtí Bùkọ́lá. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, mo fẹ́ fi bá a wí gidi. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Mà, òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "Pírámárì túù àti tírì ni mo kó pọ̀ sí yàrá kan báyìí. Àwọn tó fẹ̀yìn tì lọ, wọn ò fi ẹnì kankan rọ́pò wọn. Tí mo bá ní kí n máa gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ni kí àwọn tó kù máa ṣe? Tí kíláàsì bá sì dákẹ́, wọ́n á ní mi ò kọ́ wọn ni. Bí wọ́n bá ń pariwo, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á kọjá."

"Ṣé ọ̀gá yín mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí ò lè kàwé?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n mọ̀, mà."

Kí ni kí n tún bá ìyẹn jà fún? Gbogbo ìbínú tí mo ti kó jọ dè é ló gbéra kúrò lórí rẹ̀, ó ń wá orí tí yóò bà lé. Ó bà lé orí ọ̀gá tó mọ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó bà lé orí àwọn tó yẹ kí wọ́n gba olùkọ́ tí wọn ò gbà. Ó tún bà lé orí ìpàdé àwọn òbí, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi fi ayọ̀ sọ fún mi pé àwọn ti dáwó jọ, àwọn sì ti kun ògiri iléèwé ní ọ̀dà tuntun, torí pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta. "Tí ìwẹ bá rí i," ó ní, "ó ń dán! Wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ rere sára ẹ̀ gàdàgbà."

Láàárín ìgbà náà ni àwọn alábẹ̀wò ìjọba wá sí iléèwé tèmi níbí. Ẹ má rò pé òyìnbó kì í bẹ̀rù o. Olùkọ́ kan sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n lẹ pépà aláràbarà mọ́ gbogbo ògiri, kódà ọbẹ̀ wa lọ́jọ́ náà dùn ju bó ṣe máa ń dùn lọ, Mọ́rìn ló sì lọ wá ata. Ṣùgbọ́n ọmọ onírun pupa náà wá síléèwé. Alábẹ̀wò kan, obìnrin tó wọ dígí, jókòó tì í nínú gbọ̀ngàn, ó ní kó kàwé fún òun. Ọmọ náà dé ibi ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Alábẹ̀wò náà dúró. Tábìlì kan náà ni mo ń nù ṣáá, mi ò lè kúrò. Kò sẹ́ni tó sáré wá fi ọmọ yìí pamọ́. Ohun tó nira fún un ló jẹ́ kí wọ́n wá jókòó tì í.

Ìdí tí mo fi sọ èyí nìyí. Kò pẹ́ sígbà náà, mo pe ilé lẹ́yìn iṣẹ́, ìyá mi sì ní, "Ràfíà ò ní í lọ síléèwé lọ́la. Wọ́n fún un ní họlidé."

"Họlidé kí ni? Ṣé Kúdí lọ́dọ̀ yín náà ò lọ?" Ọmọ alájọgbé wa ni Kúdí, kíláàsì kan náà ni òun àti Ràfíà wà.

"Kúdí á lọ. Ó tilẹ̀ ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́."

Ràfíà ló gba fóònù. "Mọ́mì, àwọn alábẹ̀wò ló ń bọ̀ lọ́la. Lónìí, ọ̀gá ní ká máa jáde síwájú ká wá kàwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa tá ò mọ̀ ọ́n kà, wọ́n ní ká má wá. Àwọn pírámárì fáìfù díẹ̀ á wá jókòó sáyè wa, torí yunifọ́ọ̀mù kan náà ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án.

Mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbọ́ mi o. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wádìí pé kí ló ṣe iléèwé yìí, iléèwé ti mọ̀. Wọ́n ti gbọ́ ìwé kíkà àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ní àwọn ò ráyè ṣe. Wọ́n ráyè ṣe é lẹ́ẹ̀kan, nítorí kí wọ́n lè mọ àwọn tí wọ́n máa fi pamọ́!

"Màámi," mo ní, "ẹ mú Ràfíà lọ síléèwé lọ́la."

"Háà. Ọ̀gá ló sọ̀rọ̀. Èmi tí mi ò kàwé, lé ni mo fẹ́ lọ wí níwájú àwọn alákọ̀wé?"

"Ẹ mú un lọ."

Ìyá mi náà bínú. "Ìwẹ ò sí níbí! Ìwẹ lọ fi ojú òyìnbó wo dede nǹkan tó wà nílé pátá. Tó bá di ọ̀rọ̀ tán, èmi ni màá máa pàdé wọn lọ́nà, kì í ṣe ìwẹ."

Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Nílé, wọ́n ní mi ò sí níbẹ̀ mọ́, kí n panu mọ́. Níbí, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí pé ibo ni mo ti wá. Ibo wá ni èèyàn bíi tèmi ti lè bínú? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo sì rí i pé iléèwé yẹn nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè lé mi kúrò. Mo ti jókòó lábẹ́ páànù rẹ̀, òjò rẹ̀ ti kán sí mi lórí, ìka olùkọ́ rẹ̀ ló sì kọ́ mi. Mi ò fi ojú òyìnbó wò ó. Ojú ọmọ tí ibẹ̀ kọ́ tó sì mọ̀ ọ́n kà ni mo fi ń wò ó.

Mo rọ ohùn mi. "Màámi, tí wọ́n bá gbé agbọ̀n obì wá fún yín láti oko, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Ìwẹ ò mọ̀ ni? Màá dà á sílẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ ò rí èyí tó wà lókè ni?"

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ta ni í fi ti òkè ra obì? Èyí tó gbó dáadáa ni wọ́n á tò sókè. Abẹ́ ni wọ́n ń kó dede èyí tí kòkòrò ti jẹ sí."

"Lọ́la," mo ní, "agbọ̀n ni wọ́n ń tò fáwọn alábẹ̀wò yẹn. Wọ́n ti kó Ràfíà sábẹ́."

Mo gbọ́ bí agbọ̀n kan ṣe balẹ̀ gbì. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi pariwo, "Ọmọ mi kì í ṣe obì tí kòkòrò jẹ!"

"Mo mọ̀, Màámi. Ẹ lọ sọ fún wọn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí kí wọ́n tó jáde nílé, ó sì ju fóònù sínú báàgì láìpa á. Mo ti ki wáyà sétí mi lábẹ́ fìlà ilé ìdáná. Mo ń ha kárọ́ọ̀tì, mo sì ń gbọ́ Ṣàgámù. Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo gbọ́ géètì. Ọkùnrin kan ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ yẹn padà. Ọ̀gá ti ní..."

"Ọjọ́ iléèwé lòní," ìyá mi ní, "ọmọ iléèwé sì ni. Ibo lẹ ní kó lọ?"

Ọ̀gá dé. Mo mọ ohùn rẹ̀. Ó ń rọra sọ̀rọ̀. "Alhaja wa, ẹ má bínú. Àlejò ti wà nínú. Ẹ má jẹ́ ká dójú ti ara wa."

"Ta ló ń dójú ti ta?" ni ìyá mi wí, kò sì rọra sọ ọ́. Ìyá mi ti ná obì láàárín èrò fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti ọ̀ọ́kán tó ń bèèrè pé kí ló dé tí ọmọ dúró síta. Ọ̀gá ní kò sí nǹkan kan, sà, ọmọ yìí ló pẹ́ dé. Báyìí ni wọ́n wọlé, báàgì wọlé pẹ̀lú wọn, èmi náà sì wọlé.

Wọ́n kàwé. Ariwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mí létí. Bàbá àgbẹ̀, ewúrẹ́ sọnù, gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀.

"Ó tó," ọkùnrin náà ní. "Ìwọ tó o pẹ́ dé, bọ́ síwájú. Ka ibí yìí fún mi."

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹnìkan ń sọ ọ́ sí i lábẹ́lẹ̀, mo gbọ́ ọ, bóyá Kúdí ni. Ràfíà kò gbà á. Ọmọ mi sọ̀rọ̀ sókè, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara: "Mi ò mọ̀ ọ́n kà, sà. Tí ẹ bá sọ ọ́ fún mi, mo lè sọ ọ́ tẹ̀ lé yín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ní kí ẹlòmíràn wá kà á. Ẹ̀rù ti ba gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó jáde. Ó ní kí wọ́n ṣí ojú ewé tó kàn, ó pe ọmọ kan láti iwájú, ìyẹn ní, "Sà, pírámárì fáìfù ni mo wà." Lẹ́yìn náà ló wá bi wọ́n pẹ̀lẹ́ pé, "Àwọn wo ló ń jókòó sí kíláàsì yìí lójoojúmọ́? Ẹ nawọ́." Ibẹ̀ ni dátà ìyá mi parí sí.

Mọ́rìn rí mi tí omijé ń ṣàn lójú mi. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ níwájú gbogbo èèyàn pé òun ò mọ̀wé kà." Ó ní, "Kí ló wá dé tó o fi ń rẹ́rìn-ín?" Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó o lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rò pé àrá sán o. Àwọn alábẹ̀wò wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Ọ̀gá-àgbà kò kí ìyá mi fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ará àdúgbò ní a ti ba orúkọ iléèwé àwọn jẹ́. Orúkọ wo? Orúkọ tí àwọn ọmọ wọn ò lè kà lára géètì! Ọ̀rẹ́ mi tó pàtẹ́wọ́ lé mi lórí pè láti sọ pé òun ti wí fún mi. Mo sọ fún un pé kó lọ dorí ìwé ọmọ tiẹ̀ kodò, kó wò ó bóyá ọmọ náà á mọ̀. Kò tíì pè mí padà.

Ṣùgbọ́n wọ́n mú olùkọ́ kan wá láti Ìperu, wọ́n sì ya túù kúrò lára tírì. Àǹtí Bùkọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, láti gbọ́ àwọn tí wọ́n ti fẹ́ fi pamọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi máa ń jókòó tì wọ́n. Kò mọ a yàtọ̀ sí b, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ tiẹ̀. Bí ọmọ kan bá ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ fún ọmọ tó ń kàwé, ìyá mi á jágbe mọ́ ọn: "Pa ẹnu ẹ dé! Jẹ́ kó wá a fúnra ẹ̀!"

Ní Sátidé kan báyìí, Ràfíà gbé fóònù lọ síwájú iléèwé. Ó fi ògiri tuntun náà hàn mí, ọ̀rọ̀ rere tó wà lára rẹ̀ gàdàgbà, tí ìyá mi ti ń yangàn pé àdúrà ni wọ́n kọ síbẹ̀. "Mọ́mì," ó ní, "mo fẹ́ kà á fún yín." Ó gbé ìka sókè.

"Ẹ... má... ṣe..." Ó dúró. Ọ̀rọ̀ tó kàn há a lẹ́nu. Mo rí i, mo ti kà á tipẹ́, ó ti wà létè mi. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Dátà ń lọ, ìyá mi ń dúró, èmi náà ń dúró.

"...tọ̀," ó ní. "Ẹ má ṣe tọ̀... sí... ibí."

Ìyá mi ní, "Lé wí?"

Ràfíà tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìka rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, iwájú orí rẹ̀ ti kákò bíi tèmi gẹ́lẹ́.

"Mọ́mì, ta ló ń tọ̀ sára iléèwé wa?"

Inú ń bí i. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé inú ń bí i gidi gan-an, inú mi sì dùn.